Èèṣì Kọ́: Ìjókòó Wa ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwọn sójà ti tún gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, gbogbo wa sì ń tò lẹ́yìn ara wa nítorí súgà, nítorí ọṣẹ, nítorí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lónìí, tí ẹ máa ń bi mí pé ìjà wo gan-an ni ẹgbẹ́ wa jà nígbà náà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù lẹ ń retí. Owó oṣù kọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan la ti jà, ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Àwọn kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láyé, mi ò sì fọkàn tán gbogbo ẹni tó ń kàwé.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ìfura mi ti pọ̀ jù. Ìyá mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lásìkò sójà tí kò fura, inú àtìmọ́lé ló ti máa kọ́gbọ́n. Nínú ìpàdé wa, bí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo máa ń béèrè ohun tó ń kọ. Bí ẹnì kan kò bá kọ nǹkan kan, mo máa ń wò ó pé kí lèyí ń há sórí, ta ló sì fẹ́ lọ kà á fún.

Òfin ilẹ̀ yìí sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ tí kò kú, ọ̀daràn ni. Àwọn sójà kọ́ ló ṣe òfin yẹn o. Àwọn òyìnbó ló fi í sílẹ̀ fún wa, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn tayọ̀tayọ̀. Ó ti pẹ́ tí ilé ìwòsàn ti ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà tí Mátírọ́ọ̀nù tuntun dé la tó rí i. Obìnrin yìí fẹ́ràn àṣẹ ju oúnjẹ lọ. Ó pè wá jọ, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, bí wọ́n bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dé, ká ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Ó ṣojú mi kòrókòró, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ ọkùnrin kan mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, ọlọ́pàá jókòó tì í, ó ń jẹ búrẹ́dì. Bí ọkùnrin náà bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, kò lè yí i.

Kí la wá ṣe? A bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. A ò ṣèpàdé lé e lórí, kò sẹ́ni tó dábàá rẹ̀, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ará ilé bá gbé aláìsàn wọlé, kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ti fojú sọ fún wọn, á ní, "Èèṣì ni, àbí?" Àwọn náà á gbé e bẹ́ẹ̀, "Èèṣì ni o, Nọ́ọ̀sì, èèṣì ni." Ẹni tó gbé nǹkan mì, èèṣì. Ẹni tó kó sí kànga, èèṣì. Bí àlejò bá gbọ́ wa nígbà yẹn, á rò pé àwa ará Rẹ́mọ kì í wo ohun tí a ń mu rárá. Ìfẹ́ ló fà á, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ èèṣì ni, kí lo fẹ́ bi í? O fọ inú rẹ̀, o fa omi sí i lára, ó dìde, ó kí ọ, o ní kó máa lọ sílé. Yàrá tó ti wá náà ló sì ń padà sí.

Tíṣà kan wà láti Ìpẹru, lára àwọn tí ìjọba lé lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Èèṣì ni wọ́n pe tiẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀. Mo sọ lọ́jọ́ náà pé ọpẹ́ yìí pọ̀ jù, pé ó ń dúpẹ́ bí ẹni tó ń rìnrìn àjò. Mátírọ́ọ̀nù ní, "Fúnkẹ́, o tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọpẹ́ náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?" Oṣù yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi sin ín. Ìyàwó rẹ̀ wá bá wa, ó dúró ní àárín wọ́ọ̀dù, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀?" A ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn, èèṣì.

Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n gbé Rísíkátù dé. Ìyá rẹ̀, Ìyá Ráúfù, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Rísí nìkan ni ọmọbìnrin tó bí. Ọmọ náà ti mu nǹkan tí kò yẹ kó mu. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ìyá ti ń pariwo pé, "Èèṣì ni! Àgbo ibà ló pè é!" Èdè Rẹ́mọ ló fi ń sọ ọ́, ó ń sáré sọ ọ́, àmọ́ mo ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo yín lè kà á.

A tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó la ojú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé obì, tó ti ń ṣa obì láti kékeré, tó lè fi imú nìkan mọ èyí tó ti ń bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀, òun ló wá gbé nǹkan búburú sẹ́nu tó rò pé àgbo ni? Kò bi wá pé kí ló ṣe òun. Kò bi wá pé ìgbà wo lòun máa lọ sílé. Ó kàn kọjú sí ògiri. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èrò pé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú ní Ìrolú níbi tó ti ń gbé ilé ọkọ, pé ó ti padà sílé ìyá rẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Rísí, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Èèṣì ni, Ma."

Ìyá rẹ̀ dìde. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti gbọ́. Kí lẹ tún ń bi í fún? Ta ló rán yín sí i?"

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé, èmi ni wọ́n wá ń fura sí pé mò ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá.

Dókítà tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù wa nígbà yẹn ni Dókítà Ṣówándé. Kò tíì pẹ́ tó dé. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Mi ò fọkàn tán an rárá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ jù, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù, a ò sì mọ ẹni tó ń bá jẹun. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ níbi tó bá wà, pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi pẹ̀lẹ́ bẹ Ìyá Ráúfù pé kó lọ wá ẹ̀kọ wá fún ọmọ. Ó fa àpótí súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó ní kí n dúró tì wọ́n. Ó ní, "Rísí, wọ́n sọ fún mi pé ọmọ rẹ kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí irú rẹ̀ bá dé bá, ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn pé kí àwọn náà kú. Ṣé ó ti wá sí ìwọ náà lọ́kàn?"

Mátírọ́ọ̀nù tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó figbe ta. "Háà! Dókítà! Ẹ ń fi sí i lọ́kàn!"

Dókítà kò gbé ohùn sókè. "Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé, Ma. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé ó lè sọ ọ́ fún wa, kí ẹnikẹ́ni má pariwo lé e lórí."

Mátírọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Omijé dé lójú Rísí, omijé tí a ò tíì rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣàn sórí ìrọ̀rí. Dókítà jókòó tì í, kò sọ pé kó má sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ìyá fi padà dé.

Lóde, Dókítà sọ fún mi bí a ó ṣe ṣe é. A ò gbọ́dọ̀ fi Rísí nìkan sílẹ̀. Kí ojú ẹnì kan nínú wa máa tó o, títí kan ìgbà tó bá ń lọ wẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a wí, kí a má ṣe wàásù fún un, kí a má sì fi Ọlọ́run dẹ́rù bà á. Ká wá ẹni tó ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nílé. Kí wọ́n kó gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé yẹn kó tó padà. Kí a dá ọjọ́ tó máa wá rí wa fún un, kó má sì jìnnà; bí kò bá wá, ká wá a lọ. Bó bá sì gba kó dé Abẹ́òkúta, òun á kọ̀wé, òun á sì bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra òun.

Gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló mú kí n túbọ̀ fura. Mo ní, "Dókítà, bó bá sọ òótọ́ fún yín, ta lẹ máa sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀yin."

"Ọlọ́pàá ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sísítà, ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ̀ ń bá wọn ṣe."

"Kínla! Èmi?"

"Ẹ máa ń béèrè ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ sílẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, inú sì ń bí mi. Mo padà sínú wọ́ọ̀dù, mo pín àwọn nọ́ọ̀sì sí i pé kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Rísí.

Ọjọ́ kejì ni Sájẹ́ǹtì kan wọlé, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń ró gbọnrangandan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ orúkọ. Ó mọ bẹ́ẹ̀dì. "Rísíkátù tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ńkọ́?" Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láàárín gbogbo aláìsàn.

Ta ló sọ fún un? Mo wo Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù wo Dókítà. Dókítà wo èmi. Ìyá Ráúfù kò tilẹ̀ wo ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí. "Nọ́ọ̀sì, o tà wá! Mo mọ̀! Láti ọjọ́ tí o ti ń bi ọmọ mi léèrè ni mo ti mọ̀!" Ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti di "o". Kò sí "ẹ" mọ́.

Mi ò gbèrò ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Mo kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, láàárín ọwọ́ Rísí àti ọwọ́ Sájẹ́ǹtì. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Aláìsàn ni. A ò tíì tọ́jú rẹ̀ tán."

"Madam, ẹ dìde. Òfin ni."

"Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ de èmi."

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti parí iṣẹ́ ń múra àtilọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ̀. Òmíràn jókòó tì í. Kí a tó mọ̀, ilẹ̀ ti kún. Mo kígbe sí wọn pé kí ẹni tí iṣẹ́ kàn máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí aláìsàn kankan má ṣe jìyà nítorí wa. Bí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á lọ sílé. Tiwa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ni kò lọ sílé. Àwọn tó ń pín oògùn ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ wa, wọ́n ń ní ká má bínú. Àwọn ìyálọ́jà obì tó wá wo Ìyá Ráúfù náà dé, wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jáde, kò sẹ́ni tó lè wọlé.

Mátírọ́ọ̀nù káwọ́ gbera. "Fúnkẹ́, mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ti bọ́."

"Ẹ ṣeun, Ma."

Òógùn ti bo Sájẹ́ǹtì. Ó wo ilẹ̀ tó kún fún obìnrin, ó ní, "Ẹ̀ ń dá mi lẹ́bi. Èmi kọ́ ni mo wá a wá. Ará ilé rẹ̀ ló wá fẹjọ́ sùn."

"Ará ilé rẹ̀ kẹ̀?" Ìyá Ráúfù ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ta ni nínú ilé mi?"

Ohùn ọkùnrin kan wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àwọn olóbì. "Èmi ni, Ìyá mi."

Ráúfù ni, ẹ̀gbọ́n Rísí, àkọ́bí ìyá rẹ̀ gan-an. Awakọ̀ ni, òun ló ń wa píkọ́ọ̀pù tó ń kó obì lọ sí ojú títì márosẹ̀ níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń dúró. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń lọ́ ọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ fò mọ́ ọn, àwọn obìnrin dì í mú.

Ó ní, "Ìyá mi, èèṣì kọ́. Ẹ mọ̀ pé èèṣì kọ́. Èmi ni mo rí i nílẹ̀, èmi ni mo gbé e. Gbogbo yín ń sọ pé èèṣì ni, ẹ sì fẹ́ mú un padà sílé. Ta ló máa ṣọ́ ọ? Ọjà lẹ̀yin ń lọ. Èmi kì í sí nílé. Mo rò ó, mo rò ó, mi ò rí ọ̀nà. Mo ní bí wọ́n bá fi irin dè é, ó kéré tán, kò ní lè tún ṣe é." Ó bú sẹ́kún, àgbà ọkùnrin, lójú gbogbo wa.

Mo ti fura sí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ìwòsàn yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti fura sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nínú gbogbo wa, ẹni tó fẹjọ́ sùn yìí nìkan ni kò purọ́.

Rísí yíjú kúrò lára ògiri. "Bùọ̀dá mi, ó sú mi ni. Gbogbo yín ń sọ pé màá bí òmíràn. Mi ò fẹ́ òmíràn. Èyí tó kú ni mò ń wá."

Dókítà ti fi orúnkún wọ́ kọjá láàárín wa dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Rísí, ní báyìí tí a wà yìí, ṣé o ṣì fẹ́ kú?"

Mo fẹ́ fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀! Lójú ọlọ́pàá? Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fẹnu ara rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, a tún ti padà sí èèṣì, àá sì rán an lọ sílé lọ kú. Rísí wo Sájẹ́ǹtì. Gbogbo wa wo Sájẹ́ǹtì.

Sájẹ́ǹtì wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ mu omi." Ó yí padà, àwọn obìnrin là fún un, ó jáde.

Ìgbà náà ni Rísí tó sọ̀rọ̀. "Lánàá, mo fẹ́ ẹ. Lónìí, mi ò mọ̀."

"‘Mi ò mọ̀’ yẹn náà dára," ni Dókítà wí. "A lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Àwọn olóbì ló gba ìyókù ṣe. Obì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n kì í fi í sílẹ̀. Wọ́n máa ń tú u wò, wọ́n máa ń pààrọ̀ ewé rẹ̀, wọ́n sì máa ń bá ara wọn ṣe é ní àṣegbà. Bí wọ́n ṣe pín ọmọ náà mọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá kàn lónìí á gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, á jókòó, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, wọ́n á jọ ṣa obì. Ìyá Ráúfù kó gbogbo ohun eléwu kúrò nílé, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ sínú yàrá tirẹ̀. Ráúfù ló ń fi mọ́tò gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti fún un ní oògùn tí wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ tó yẹ kó wá rí wa bá kọjá, ọ̀kan nínú wa á lọ kàn án nílé. Ìyá Ráúfù kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó kàn tún padà ń pè mí ní "ẹ".

Sájẹ́ǹtì kò padà wá mọ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní, mi ò sì gbà pé inú rere nìkan ni. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé èmi kúrò níbẹ̀ lọ sí ìletò kan tí mọ́tò kì í fẹ́ dé, wọ́n ní wọ́n nílò mi níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Dókítà Ṣówándé náà lọ lẹ́yìn mi. Àmọ́ àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù yẹn kò pe ẹnikẹ́ni ní èèṣì mọ́ kí wọ́n tó bi í léèrè. Wọ́n á fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè, wọ́n á sì dákẹ́ gbọ́ èsì. Ìyẹn la jèrè. Ohun tí a pàdánù kò kéré. Tíṣà kò gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kò sì sí ìjókòó tó lè mú un padà wá fún ìyàwó rẹ̀. Òfin náà wà nínú ìwé síbẹ̀. A lé e jáde ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ẹ̀yin tó kù lẹ máa lé e kúrò ní gbogbo ilẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé mi padà sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, sí Ìpẹru. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ti sanra, ó ti hu irun funfun méjì mẹ́ta, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Rísí ni. A dì mọ́ ara wa, a pariwo, a sunkún díẹ̀. Nígbà tó ku àwa méjèèjì nínú yàrá, mo bi í. Ẹ ti mọ̀ mí, mi ò lè má bi í. Mo ní, "Rísí, èrò ìjọ́sí yẹn, ṣé ó ṣì máa ń wá?"

Ó ní, "Ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ma. Bó bá wá, màá ránṣẹ́ pe Bùọ̀dá mi, á wá jókòó tì mí títí á fi lọ."

Ó sọ ọ́ fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́. Àmọ́ kó tó la ẹnu, ó kọ́kọ́ dìde lọ ti ilẹ̀kùn.